Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ẹmu Wò Láti Òwúrọ̀ Di Ìrọ̀lẹ́, àti Bí A Ṣe Ń Fún Un Ní Máàkì

Kò sí ohun mímu kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń yára dàgbà bí ẹmu. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó pé, ọtí inú ìgò a sì wà bí wọ́n ti ṣe é fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹmu tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ nígbà tí àkùkọ ń kọ, ọmọdé ni ní òwúrọ̀, ó di géńdé ní ọ̀sán, kí oòrùn sì tó wọ̀, ó ti hu ewú lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹmu dé ibi tí yóò fi lè sọ ní gbangba pé èyí sàn ju tọ̀hún lọ, tí yóò sì lè sọ ìdí tí ó fi sàn, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì dájọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún; ti ẹmu tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wákàtí wákàtí ni tirẹ̀ ń yí. Ohun tí orí yìí yóò kọ́ yín ni bí ẹ óo ṣe bu ẹmu láti inú agbè kan náà nígbà mẹ́ta lóòjọ́, bí ẹ óo ṣe mọ ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àti bí ẹ óo ṣe kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀.

Agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fi ṣe pápá ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Ọ̀rẹ̀ sí ibi tí mọ́tò ń yà sí kí èrò jẹun lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin. Àwọn àgbà sì mọ̀ ọ́n mọ ogun, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra rìn dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó dá wọn padà, débi pé títí di òní olónìí, bí nǹkan bá le kọjá àfẹnusọ, ìjà Ọ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kúrò létí títì ọlọ́dà, tí ó gba ọ̀nà oko wọlé lọ sí apá Òdìgbó, ìlú àwọn ìbátan Oǹdó Ẹkìmọ̀gún, tàbí tí ó kọrí sí ẹ̀bá igbó ọba tí a ń pè ní Olúwa, yóò rí i pé ilẹ̀ ẹmu ni ó wà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀pẹ ń bẹ láàárín oko kòkó. Nínú irà tí ó wà lẹ́bàá odò Olúwa bí ó ti ń ṣàn lọ sí ọ̀nà Ìlàjẹ, ògùrọ̀ ni ó ń hù. Àwọn tí ń dá ẹmu níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan. Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Ìkálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Ùróbò tí bàbá wọn ti ń wá ṣe iṣẹ́ ọ̀pẹ ní apá Òkìtìpupa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá wà níbẹ̀, oníkálukú wọn sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà lo ọ̀bẹ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní agbègbè yìí, oko baba ẹlòmíràn kò jìnnà, ẹ sì lè dé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu ọ̀pẹ àti ẹmu ògùrọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ sí méjèèjì. Ọ̀pẹ tí ó ń so eyìn ni adẹ́mu ń fi igbà gùn. Yóò wá ọ̀mùnú ìtànná tí ó jẹ́ akọ, yóò fi ọ̀bẹ sí i lára, yóò fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ gba omi rẹ̀ sínú agbè, igi náà yóò sì wà láàyè tí a óo tún padà sí i lọ́dún mìíràn. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń tanná láyé rẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tanná ni adẹ́mu ń gún un lórí, omi tí igi náà ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì máa ṣàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ó bá sì dá, igi náà kú nìyẹn. Ẹmu ògùrọ̀ máa ń fúyẹ́ lẹ́nu, ó máa ń tètè mú, ó sì máa ń pọ̀, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ òun ni àwọn tí ń sè ògógóró ń wá. Ẹmu ọ̀pẹ máa ń nípọn díẹ̀, adùn rẹ̀ máa ń jinlẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa pẹ́ nínú agbárí. Bí ẹ bá bi mí, ọ̀pẹ ni mo fẹ́ràn jù ní òwúrọ̀, ògùrọ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù ní ọ̀sán. Ẹ̀yà kẹta wà, ẹmu ọ̀pẹ tí a gé lulẹ̀ kí a tó dá a. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fún èyíinì ní máàkì, nítorí pé ọ̀pẹ tí ó lè bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a wá pa nítorí ẹmu ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dùn mí púpọ̀, bí ó ti wù kí ẹmu rẹ̀ dára tó.

Ohun tí ó tún tẹ̀ lé e ni adẹ́mu fúnra rẹ̀. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, sọ ìtàn ọkùnrin kan tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Ọ̀pẹ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíràn tí ó lè dá ẹmu tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni ó bá gbéra, ó di ìlú àwọn òkú láti lọ wá ẹni tirẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti jókòó pẹ́ nídìí ẹmu ni ó mọ̀ pé òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ adẹ́mu ni ó ń pinnu bóyá ojú ọgbẹ́ igi náà yóò mọ́ tàbí yóò jẹrà, nítorí pé ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá mú yóò fá ìwọ̀n pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kúrò lójú ọgbẹ́ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá kú yóò ya igi náà, ẹmu rẹ̀ yóò sì máa rùn bí ewé tí ó rà. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni agbè wà. Àwọn kan a máa fi ìṣẹ́kù ẹmu àná sínú agbè kí ti òní lè tètè hó. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ a máa dé ọjà pẹ̀lú ìfófò gègèrè, ojú a máa fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, ó ti kan. Adẹ́mu tí ó bá ń ṣan agbè rẹ̀ mọ́, tí ó sì ń fi ewé tàbí aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kí òjò má baà rọ̀ sínú rẹ̀, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ má ṣe ná an lówó nínára.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ẹmu wò, ẹ pa ẹnu yín mọ́ kúrò nínú ohun tí yóò dà á láàmú. Ẹ má ṣe jẹ obì tàbí orógbó ṣáájú, nítorí ẹni tí ó bá jẹ obì tán, omi lásán ni yóò máa dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹmu tí kò dára ni yóò sì máa yìn. Ẹ má ṣe fín aṣáà, ẹ má sì mu sìgá, nítorí imú ni yóò ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà. Ní ti àsun, èyí tí àwọn ará Oǹdó mọ̀ ọ́n sun ju gbogbo ayé lọ, mo mọ̀ pé inú yóò máa fà sí i, ṣùgbọ́n ata inú rẹ̀ yóò pa ahọ́n lára fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó dúró di ìgbà tí ẹ bá kọ máàkì ìkẹyìn tán. Iṣu sísun tí a kò fi nǹkan sí ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi omi tútù fọ ẹnu láàárín ẹmu kan àti òmíràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ ni òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bu ẹmu sínú ahá tí ó mọ́ tàbí sínú ife gíláàsì. Inú gíláàsì ni ojú ti ń rí i dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ahá ni ó ti ń dùn mu jù. Ẹ má tíì mu ún. Ẹ gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ sì wò ó. Ẹmu tuntun a máa funfun bí ẹni pé a po wàrà mọ́ omi, kò ní mọ́ gaara, kò sì ní pọ́n. Ẹ óo rí àwọn èéhó wínníwínní tí wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ ife gòkè wá láìdúró, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ sí etí ife, tí wọ́n sì ń bẹ́ pẹ̀lú ariwo tí ẹni tí ó bá gbé etí sún mọ́ ọn yóò gbọ́. Bí oyin kan tàbí méjì bá kú sínú rẹ̀, ẹ má bínú. Asẹ́ ni yóò yanjú ìyẹn, oyin kò sì ń sáré tọ omi lásán lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ife náà tì díẹ̀ kí ẹmu gun ara gíláàsì, kí ẹ sì dá a padà: ìfófò ẹmu tí a kò bu omi mọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, a máa yọ́ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti ẹmu olómi a máa fọ́ lójú ẹsẹ̀, gíláàsì a sì mọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó kàn án.

Nígbà náà ni kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀, òórùn ẹmu rere a máa jọ ti ìrèké tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n, pẹ̀lú òórùn igi tútù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí òórùn ọtí kíkan bá ti wà nínú ẹmu tí wọ́n ní àárọ̀ yìí ni àwọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àná ni wọ́n sọ̀ ọ́, tàbí kí agbè rẹ̀ dọ̀tí. Lẹ́yìn imú, ẹ mu ún, kì í ṣe ní gbígbé mì gbọ̀ọ́n gbọ̀ọ́n bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí yóò kún iwájú ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó tàn yí ahọ́n ká, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i láti ẹnu, kí ẹ tó gbé e mì. Adùn ni yóò kọ́kọ́ dé, nítorí pé omi ọ̀pẹ tí kò tíì yí padà ní ṣúgà tó bíi 10 sí 12 nínú ìwọ̀n 100. Ohun tí ẹ óo kọ sílẹ̀ ni ohun tí ó tẹ̀ lé adùn náà: ṣé ó ta ahọ́n díẹ̀? Ṣé adùn náà dúró gbọn-in, àbí ó yọ̀ lọ bí omi ṣúgà? Ṣé nǹkan kan kù lọ́fun lẹ́yìn tí ẹ gbé e mì?

Ìgbà kejì ni ọ̀sán, ní nǹkan bí agogo méjìlá sí méjì, láti inú agbè kan náà tí ẹ ti gbé sí abẹ́ òjìji. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Láàárín àwọn wákàtí wọ̀nyí, ìwúkàrà tí ó ti inú afẹ́fẹ́ àti ara agbè bọ́ sínú ẹmu ti ń jẹ ṣúgà rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti atẹ́gùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn sì ń fi ìkan díẹ̀díẹ̀ sí i. Ọtí inú rẹ̀ lè dé bíi 4 tàbí 5 nínú 100 kí ọjọ́ kan tó pé. Ẹmu tí ó dára gidi ni èyí tí adùn àti ìkan rẹ̀ bá pàdé ní ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò borí ẹnìkejì. Bí ẹ bá mu ún, ahọ́n yóò sọ pé ó dùn, yóò tún sọ pé ó kan, ọ̀fun yóò sì móoru díẹ̀. Òórùn rẹ̀ yóò ti kúrò ní ti ìrèké, yóò ti máa jọ ti ẹ̀kọ ògì tútù àti ti ọ̀pẹ̀yìnbó. Mo ti rí ẹmu tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán ju ìkan lásán lọ. Mo sì ti rí èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba oríyìn ní òwúrọ̀, nítorí pé adùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n tí ó gba gbogbo ẹnu tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ti kọ máàkì rẹ̀ tán ní òwúrọ̀ kò ní mọ̀ láé.

Ọ̀sán yìí kan náà ni a ń fi mọ ẹlẹ́mu tí ń rẹ́ ni jẹ. Ẹmu tí a sọ̀ ní àárọ̀ kò lè dùn bákan náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rà á létí títì ní Ọ̀rẹ̀, nínú kẹ́ẹ̀gì tí oòrùn ti ń pa láti òwúrọ̀, tí ó sì ń dùn yún-ún, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ṣúgà tàbí sákárìn sí i. Àmì rẹ̀ ni pé imú yóò máa sọ ohun kan, ẹnu yóò máa sọ òmíràn: òórùn yóò kan, adùn yóò sì wà lókè bí ohun tí kò mọ ibi tí ó wà. Ti sákárìn tún máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá gbé e mì. Ẹ má bá ẹlẹ́mu jà. Ẹ sáà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì fún un ní máàkì kankan.

Ìgbà kẹta ni ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ díẹ̀ ni ó kù. Ẹmu náà yóò ti le, yóò ti kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò ti sọ̀ sí ìdí agbè, ìfófò rẹ̀ yóò sì ti dínkù. Ohun tí ẹ óo béèrè ni bóyá ìkan rẹ̀ mọ́ tónítóní, èyí tí ń jẹ́ kí ènìyàn tún fẹ́ mu òmíràn, tàbí ó rùn bí ọtí kíkan tí a fi ń se ọbẹ̀ òyìnbó. Èyí èkejì yìí ti kọjá ẹmu. Bí ẹ bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ ilé, ẹ má ṣe dé ìgò rẹ̀ pinpin, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fọ́ ìgò náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lọ́rùn ìgò, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì, èyí tí yóò dá ìrìn rẹ̀ dúró díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dá a dúró pátápátá. Àwọn onímọ̀ ní NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí Benin, ti rí ọ̀nà láti fi iná díẹ̀ pa ìwúkàrà náà kí ẹmu lè pẹ́ nínú ìgò. Mo kí wọn kú iṣẹ́, ó sì wúlò fún ẹni tí ó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n irú ẹmu bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n orí yìí wọ̀n ọ́n.

Ní ti máàkì, 100 ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pín in dọ́gbadọ́gba. Ojú gba 10, nítorí ojú ni ó rọrùn jù láti tàn jẹ. Òórùn gba 20. Ẹnu ti òwúrọ̀ gba 20. Ẹnu ti ọ̀sán nìkan ni kí ẹ fún ní 40, nítorí ibẹ̀ ni igi, ọ̀bẹ àti agbè ti ń jẹ́rìí papọ̀. 10 tí ó kù wà fún ìrọ̀lẹ́. Ẹmu tí ó bá gba 70 dára láti gbé síwájú àna. Èyí tí ó bá kọjá 85 ṣọ̀wọ́n, bí ẹ bá sì rí i, ẹ má ṣe fi í ṣe àríyá. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọyì rẹ̀. Kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé bí àgbà ilé bá ti ní ó dùn, àwọn ọmọdé kò ní lè sọ pé ó kan.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ sọ, n kò sì fi wọ́n ṣeré. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà Benin kò gbọdọ̀ tọ́ ẹmu wò ní ọjọ́ náà, ì báà ṣe ahá kan; ọ̀nà náà ti gba ẹ̀mí púpọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n ahá kan kékeré ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ti tó fún ìdájọ́. Ìtàn Ọbàtálá tí ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, tí iṣẹ́ dídá ayé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ Odùduwà, kò yẹ kí ó sú wa í gbọ́, nítorí rẹ̀ ni àwọn olùsìn Ọbàtálá kò fi ń fi ẹnu kan ẹmu títí di òní. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìdí ẹmu mú yín lọ sí ìdí ògógóró tí ẹ kò mọ ẹni tí ó sè é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè tí kò jìnnà sí Òdìgbó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, ojú àwọn mìíràn ń ṣókùnkùn; àwọn kan rò pé òrìṣà ni ó ń bínú, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé méthánọ́ọ̀lù, májèlé tí ojú kò lè mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí, ni ó wà nínú ohun tí wọ́n mu. Imú kò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹ̀kọ́ kan nínú orí yìí tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún ìgbà díẹ̀, tí ìwé máàkì yín sì ti ń kún, ẹ óo rí i pé ẹmu adẹ́mu kan náà kì í dọ́gba láti ọjọ́ dé ọjọ́, ohun tí ó sì sábà máa ń fà á ni pé orí ọ̀pẹ púpọ̀ ni ó ti ń kó ẹmu jọ, tí ó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan kí ó tó kúrò lóko. Ẹ mú ìwé náà lọ bá a. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì san owó sílẹ̀, pé kí ó ya ẹmu orí igi kan sọ́tọ̀ sínú agbè kan fún yín lọ́la, igi mìíràn ní ọ̀túnla, kí ó máa fi ọ̀bẹ sàmì sí ara igi tí ó ti dá kí ẹ lè kọ àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ máàkì. Ẹ bá a dé ìdí igi náà kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí agbè bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì kọ wákàtí náà sókè ìwé kí ẹ tó bu ahá àkọ́kọ́.